Páńẹ́lì alámù iná wa ti ń ké láti ìjẹta: ṣé kí n kàn tẹ Reset ni?

AlámòójútóTuntun

Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ilé. Abèèrè kì í ṣìnà ni mo fi wá síbí.

Oṣù tó kọjá ni wọ́n fa ìtọ́jú ilé alájà mẹ́rin kan lé mi lọ́wọ́. Ọ́fíìsì ló wà lókè, ibi ìkẹ́rùsí ló wà nísàlẹ̀. Ẹnu ọ̀nà àbáwọlé ni páńẹ́lì alámù iná wà. Láti ìjẹta ni gílóòbù yẹ́lò kan ti ń tàn lójú rẹ̀, tó sì ń ké pín, pín, pín, bí ọmọ adìyẹ tó sọnù. Tí mo bá tẹ Silence, á dákẹ́. Tó bá di àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó tún dé. "Earth Fault" ni wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ gílóòbù náà. Nígbà míì á kú fúnra rẹ̀ lọ́sàn-án.

Ohun tó wá bà mí lẹ́rù ni pé, nígbà tí mo wo páńẹ́lì náà dáadáa, ẹni tó ṣe iṣẹ́ yìí ṣáájú mi ti fi sẹ́lótéèpù dí ihò tí ariwo ń gbà jáde. Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ nìyẹn.

Ṣé kí n tẹ Reset kí n máa bá tèmi lọ? Báwo ni mo sì ṣe fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn sẹ́ńsọ̀ tó wà lókè àjà ṣì ń ṣiṣẹ́? Wọ́n jẹ́ 43, mi ò tíì rí ẹni tó dán ẹyọ kan wò.

BàbáWáyà

Àbúrò, má tẹ Reset o. Ó kéré tán, má tíì tẹ̀ ẹ́.

Oríṣi ìròyìn mẹ́ta ni páńẹ́lì máa ń mú wá. Tí pupa bá tàn, sẹ́ńsọ̀ tàbí èèyàn ló ń sọ pé iná ń jó. Tí yẹ́lò bá tàn, páńẹ́lì ń sọ pé ara òun fúnra òun ò yá: wáyà já, bátìrì kú, ẹnì kan yọ sẹ́ńsọ̀ kúrò, tàbí bíi tìẹ yìí, wáyà ń fara kan ilẹ̀. Fault ni wọ́n ń pe ìyẹn, trouble ni lára àwọn páńẹ́lì Amẹ́ríkà. Ẹ̀kẹta ni supervisory, àwọn ilé tó ní páìpù omi ìpaná lókè àjà ló sábà máa ń rí i: ẹnì kan ti ti fáàfù pa, bí iná bá ṣẹ́ yọ, omi ò ní jáde. Ti àwọ̀ ewé ní tirẹ̀ ń sọ pé iná mànàmáná ń wọlé. Ìyẹn ò gbọ́dọ̀ kú.

Silence àti Reset kì í ṣe ọ̀kan náà. Silence kàn pa ariwo lẹ́nu mọ́ ni, ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ ṣì wà nílẹ̀. Reset ló ń sọ fún páńẹ́lì pé kó gbàgbé ohun tó rí, kó bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Fún wàhálà tó ń lọ tó ń bọ̀ bíi tìẹ, tó o bá tẹ Reset, o ti fi ẹsẹ̀ ara ẹ pa ipasẹ̀ olè rẹ́. Mú bírò. Kọ ọjọ́, kọ aago, kọ bí ojú ọjọ́ ṣe rí, kọ gbogbo gílóòbù tó tàn.

Tó bá wá jẹ́ pupa ló tàn lọ́jọ́ kan, ọ̀rọ̀ yí padà. Ka sóònù (ìyẹn apá ilé tí ìròyìn ti wá) tó wà lójú rẹ̀ kó o tó fọwọ́ kan nǹkan kan, jẹ́ káwọn èèyàn jáde, pe panápaná. Má ṣe pa hóònù torí pé ariwo rẹ̀ ń dí ẹ létí nígbà táwọn èèyàn ṣì ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Mo ti rí ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn tó wà lórí àjà kẹta gbọ́ pé ó dákẹ́, wọ́n padà sídìí iṣẹ́ wọn.

KòSíWàhálà

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ń dẹ́rù ba ọmọ ọlọ́mọ. Ó ti pé ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti ń tọ́jú ilé, mi ò rí i kí earth fault pa ẹnikẹ́ni. Tó bá ké, mo tẹ Silence. Tó bá tún ké, mo tẹ Reset. Bí iná bá jó lóòótọ́, alámù á ṣì dún. Wáyà kan ṣoṣo tó kan ilẹ̀ ò dá páńẹ́lì dúró.

MítàLọ́wọ́

Ìdajì òótọ́ lo sọ yẹn. Wáyà kan ò dá a dúró lóòótọ́. Wáyà méjì ńkọ́?

Ẹ wò ó báyìí. Wáyà méjì ló ń ti páńẹ́lì lọ sí sóònù kọ̀ọ̀kan, pọ́sítíìfù àti nẹ́gátíìfù, kò sì yẹ kí èyíkéyìí nínú wọn fara kan irin ilé, èyí tó so mọ́ ilẹ̀. Lọ́jọ́ tí pọ́sítíìfù bá bó, tó kan irin, kò sí nǹkan tó máa ṣẹlẹ̀ torí iná mànàmáná ò tíì rí ọ̀nà padà sílé. Ọjọ́ tí nẹ́gátíìfù náà bá bó níbòmíì, irin ilé yẹn ti di wáyà kẹta. Àwọn méjèèjì ti pàdé. Ní ìlà sẹ́ńsọ̀, alámù èké lè bẹ̀rẹ̀ láàárín òru. Tó bá jẹ́ ìlà hóònù, hóònù lè má dún rárá lọ́jọ́ tí iná bá jó. Ìdí tí páńẹ́lì fi ń ké nígbà tó ṣì jẹ́ ẹyọ kan nìyẹn, kó o lè tún un ṣe kí ìkejì tó dé. Ọdún mẹ́sàn-án yẹn, ìkejì ni ò tíì dé.

AlámòójútóTuntun, dá mi lóhùn nǹkan méjì. Ṣé gílóòbù sóònù ló tò sójú páńẹ́lì yín, àbí síkírínì kékeré tó ń kọ orúkọ sẹ́ńsọ̀ kọ̀ọ̀kan? Ìkejì: o ní ó máa ń dé láàárọ̀, ó ń lọ lọ́sàn-án. Ṣé ọjọ́ tí òjò rọ̀ nìkan ni?

AlámòójútóTuntun

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin ọ̀gá. Kò sí síkírínì, gílóòbù sóònù mẹ́jọ ló wà níbẹ̀, mẹ́fà la ń lò. Òjò ò rọ̀ lọ́sẹ̀ yìí rárá o. Àmọ́ ìrì máa ń pọ̀ láàárọ̀.

Mo tún rí bátìrì méjì nísàlẹ̀ àpótí náà. Wọ́n fi bírò kọ ọjọ́ tí wọ́n gbé e sí i lára: ó ti pé ọdún mẹ́fà.

MítàLọ́wọ́

Ìrì yẹn ni olè. Kì í ṣe pé wáyà kan dé ara irin tààrà, omi ló ń di afárá láàárín wọn. Nígbà tí oòrùn bá gbẹ ẹ́, afárá já. Torí náà, ẹni tó bá wá á lọ́sàn-án ò ní rí i láé. Àárọ̀ kùtùkùtù ni kẹ́ ẹ ṣiṣẹ́ náà.

Mo gbà pé ẹ ní ẹni tó ń bá yín tún páńẹ́lì ṣe. Pè é. Inú àpótí yẹn kan náà ni iná mànàmáná tó ti ara ògiri wá ń wọ̀, ìyẹn kì í ṣe volt 24 tí èèyàn ń fọwọ́ ṣeré pẹ̀lú. Àmọ́ dúró tì í kó o rí ohun tó ń ṣe. Á yọ wáyà sóònù kan kúrò níbi tí wọ́n dè é mọ́, á wo gílóòbù Earth Fault. Fault ti sóònù yẹn máa tàn, ìyẹn kì í ṣe nǹkan tuntun. Èyí tí ẹ ń wò ni bóyá ti ilẹ̀ kú. Tí kò bá kú, á dá wáyà yẹn padà, á lọ sí èyí tó tẹ̀ lé e, títí kan ìlà hóònù. Ìlà tí gílóòbù bá kú nígbà tó yọ ọ́ ni àìsàn wà. Lẹ́yìn náà á fi mítà wọn wáyà kọ̀ọ̀kan sí ilẹ̀. Èyí tó yá ò ní fún mítà ní nǹkan kan. Èyí tó ń ṣàìsàn á mú nọ́ńbà wá. Látibẹ̀, á lọ pín ìlà náà sí méjì láàárín, á tún wọ̀n ọ́n, títí yóò fi kan ibẹ̀.

Ibi tí èmi máa kọ́kọ́ wò tó bá jẹ́ èmi: ohunkóhun tó bá wà níta. Hóònù ìta, àpótí pupa tí èèyàn ń tẹ̀ lára ògiri ìta.

BàbáWáyà

Bátìrì ọdún mẹ́fà! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn. Ọdún mẹ́ta sí márùn-ún ni irú bátìrì yẹn sábà máa ń lò. Volt 12 ni ìkọ̀ọ̀kan, wọ́n so ó pọ̀ kó lè jẹ́ 24. Ó lè fi volt tó dáa hàn lójú mítà, kó sì jẹ́ pé òfìfo ni. Ohun tó ń tú àṣírí rẹ̀ ni pé kẹ́ ẹ gé iná mànàmáná kúrò, kẹ́ ẹ jẹ́ kí hóònù dún lórí bátìrì nìkan, kẹ́ ẹ máa wo volt. Tó bá ń já lulẹ̀ wìì, ó ti kú.

NFPA 72, ìlànà alámù iná ti Amẹ́ríkà, ní kí bátìrì gbé páńẹ́lì fún wákàtí 24 láìsí iná mànàmáná, kó tún ṣẹ́kù èyí tó lè mú hóònù dún fún ìṣẹ́jú 5. BS 5839-1, ìlànà ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní kí hóònù lè dún fún ìṣẹ́jú 30. Ìṣirò rẹ̀ ò le. Ká ní páńẹ́lì ń jẹ ampere 0.2 (0.2 A) nígbà tó dákẹ́: ìlọ́po 24 jẹ́ 4.8. Ká ní 1.5 A ló ń jẹ tí hóònù bá ń dún: ìdajì wákàtí jẹ́ 0.75. Àpapọ̀ 5.55. Fi ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ kún un torí ọjọ́ ogbó, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di 7. Bátìrì 7 Ah (ampere-wákàtí 7) ló máa gbé e. Kí ẹ má wá lọ gbé 4 Ah síbẹ̀ torí pé ó ráyè wọlé.

OjúÈéfín

Ẹ jẹ́ kí n mú ti sẹ́ńsọ̀, torí iṣẹ́ mi nìyẹn.

Gílóòbù kékeré tó ń ṣẹ́jú lára sẹ́ńsọ̀ kàn ń sọ pé iná mànàmáná dé ibẹ̀ ni. Kò sọ pé èéfín lè wọlé. Mo ti gun àkàbà lọ bá sẹ́ńsọ̀ tó ń ṣẹ́jú dáadáa, tó jẹ́ pé ọ̀rá tí wọ́n fi bò ó nígbà tí wọ́n ń kun àjà ṣì wà lórí rẹ̀. Ilé náà ti ń lò ó fún ọdún méjì gbáko. Ẹnikẹ́ni tó bá gba ilé lọ́wọ́ àwọn akunlé, ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kó ṣe ni kó gbé ojú sókè.

Inú sẹ́ńsọ̀ èéfín tó wọ́pọ̀ lónìí, yàrá dúdú kékeré kan ló wà níbẹ̀. Gílóòbù kan ń tan ìmọ́lẹ̀ tí ojú wa ò rí, ojú ẹ̀rọ kan sì wà ní kọ̀rọ̀ tí ìmọ́lẹ̀ yẹn ò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tààrà. Tí èéfín bá wọlé, ó ń fọ́n ìmọ́lẹ̀ náà káàkiri, díẹ̀ á bá ojú ẹ̀rọ yẹn. Ibi tí wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn: ohun tí èéfín ń ṣe náà ni eruku ń ṣe, òun náà ni alántakùn tó wọ ibẹ̀ sùn ń ṣe, òun náà ni ooru omi gbígbóná ń ṣe. Ẹ̀rọ ò mọ ìyàtọ̀.

Torí náà, èéfín gan-an ni ká fi dán an wò. Agolo kan wà tí wọ́n ṣe fún un, tí èèyàn ń fi sórí ọ̀pá gígùn, tó ní ife tó ń bo sẹ́ńsọ̀. Ẹ fọ́n ọn díẹ̀, ẹ dúró. Tí gílóòbù sẹ́ńsọ̀ bá tàn tí kò ṣẹ́jú mọ́, tí sóònù tó yẹ náà sì tàn lójú páńẹ́lì, ó yege. Ẹ má lo sìgá, ẹ má jó bébà. Ọ̀dà tó ń jáde níbẹ̀ á lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀, sẹ́ńsọ̀ tó yá yóò di aláìsàn lọ́wọ́ yín.

KòSíWàhálà

Òòfà ńkọ́? Èmi máa ń gbé òòfà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, á dún, ó parí.

OjúÈéfín

Òòfà ń dán wáyà àti ẹ̀rọ inú wò. Kò dán ẹnu ọ̀nà wò. Sẹ́ńsọ̀ tí ọ̀rá wà lórí rẹ̀ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn, òòfà á mú un dún dáadáa.

ÌyáIlégbèé

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo ń tọ́jú ilé gbígbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Sẹ́ńsọ̀ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ balùwẹ̀ tó ń jí gbogbo ilé sílẹ̀ ní aago márùn-ún àárọ̀. Wọ́n ti tẹ Disable lé sóònù yẹn lórí kí àwọn ọmọ lè sùn. Ṣé ó burú?

OjúÈéfín

Ẹ kú iṣẹ́, màmá. Ó burú, ẹ má bínú. Disable ò yan sẹ́ńsọ̀ kan ṣoṣo lórí páńẹ́lì onísóònù, gbogbo sóònù yẹn ló fọ́ lójú. Tí yàrá mẹ́wàá bá wà níbẹ̀, yàrá mẹ́wàá ni kò ní ẹ̀ṣọ́.

Ooru omi balùwẹ̀ ló ń wọ inú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé e jìnnà sí ẹnu ọ̀nà yẹn, tàbí kí wọ́n yí i sí sẹ́ńsọ̀ ooru, tí òfin ibẹ̀ bá gbà á. Sẹ́ńsọ̀ ooru ò mọ èéfín, kò mọ ooru omi. Àwọn kan ń dún tí ibẹ̀ bá gbóná tó bíi ìwọ̀n 57 lórí Celsius, àwọn mìíràn tún ń wò ó bóyá ooru ń fò sókè kíákíá, bíi ìwọ̀n 8 láàárín ìṣẹ́jú kan. Àmọ́ ó máa ń pẹ́ ju ti èéfín lọ kó tó sọ̀rọ̀, torí náà ẹ má fi sínú yàrá tí èèyàn ń sùn dípò ti èéfín.

ÌyáIlégbèé

Ó yé mi. Màá ní kí wọ́n tan sóònù yẹn padà lálẹ́ òní. Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọmọ mi.

AlámòójútóTuntun

Ẹni tó ń bá wa tún un ṣe ń bọ̀ lọ́jọ́rú. Kí ló yẹ kí n ti ṣe kó tó dé?

BàbáWáyà

Pe àwọn tó ń gba ìpè alámù yín, tí ẹ bá ní wọn, sọ fún wọn pé ẹ fẹ́ dán an wò, kí wọ́n má bàa rán panápaná sí yín lásán. Sọ fún gbogbo ilé. Bèèrè ohun tí páńẹ́lì ń darí: ṣé ó ń gbé lífítì wá sílẹ̀, ṣé ó ń pa ẹ̀rọ amúlétutù, ṣé ó ń tú ilẹ̀kùn sílẹ̀? Tí gáàsì ìpaná bá wà ní yàrá kọ̀ǹpútà, kí wọ́n ti ìyẹn pa kí agolo èéfín tó dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, torí kò sí ẹni tó máa gba àforíjì rẹ lẹ́yìn tí gáàsì bá ti jáde. Fún ìwọ̀nba àkókò tí sóònù kan bá wà ní pípa, kí ẹnì kan máa rìn káàkiri ibẹ̀ pẹ̀lú ojú àti imú.

Ẹ tún bi í bóyá páńẹ́lì yín ní walk test. Tó bá ní i, tí ẹ bá dán sẹ́ńsọ̀ kan wò, hóònù á dún díẹ̀, páńẹ́lì á sì ṣe Reset fúnra rẹ̀. Tí kò bá ní i, ẹnì kan á dúró nídìí páńẹ́lì kó máa tẹ Reset fún yín, ẹnì kejì á wà lórí ọ̀pá, ẹ̀ ń bára yín sọ̀rọ̀ lórí fóònù.

AlámòójútóTuntun

Mo dé o! Ẹ gbọ́ ìròyìn.

Aago mẹ́fà kọjá ogójì ìṣẹ́jú láàárọ̀ la bẹ̀rẹ̀. Èmi ti dájú pé sóònù kẹrin ni, torí òrùlé ń jò lọ́hùn-ún. Ọ̀gá yọ wáyà rẹ̀, Earth Fault ò kú. Ó yọ ti ìkẹta, kò kú. Ó dé ti àkọ́kọ́, ìyẹn ibi ìkẹ́rùsí nísàlẹ̀, gílóòbù kú pìì. Ó gbé mítà sí wáyà pupa àti ilẹ̀: kilo-ohm 9. A tẹ̀ lé ìlà náà títí a fi dé àpótí pupa tó wà lára ògiri ìta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn tí wọ́n ń gbà kó ẹrù wọlé.

Nígbà tó tú u, omi ṣàn sí i lọ́wọ́. Orí àpótí ni wọ́n ti lu ihò tí wáyà gbà wọlé, torí náà gbogbo ìrì tó bá ṣàn lára ògiri, inú ibẹ̀ ló ń lọ. Ẹnu wáyà pupa ti hu nǹkan aláwọ̀ ewé bí èéhù. Ara rẹ̀ ti bó ní ibi tí ó ti ń fara gbo etí irin, kò tó gígùn èékánná. Ẹyọ ìyẹn ló ń pariwo látọjọ́ yìí. A jẹ́ kó gbẹ, ó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i lọ́sàn-án kí ó tó tún un ṣe, kí n lè rí i: mítà ò mú nǹkan kan wá. Bí ẹ ṣe wí gan-an. Ó ti gbé àpótí tuntun tó ní rọ́bà létí síbẹ̀, ìsàlẹ̀ ni wáyà ń gbà wọlé báyìí.

Sẹ́ńsọ̀: 43 la dán wò, 40 yege. Ìkan, wọ́n ti kun ún mọ́ àjà, ihò rẹ̀ ti dí. Méjì tó kù ni mo fẹ́ bèèrè. Sóònù karùn-ún ni wọ́n wà, wọn ò dáhùn rárá, páńẹ́lì ò sì sọ pé wáyà já.

MítàLọ́wọ́

O ṣé tó o padà wá sọ. Nípa méjì yẹn: ní òpin ìlà sóònù kọ̀ọ̀kan, ó yẹ kí rẹsísítọ̀ kan wà, ohun kékeré tó ń dín iná mànàmáná tó ń kọjá kù. Páńẹ́lì ń rán iná mànàmáná díẹ̀ gba ìlà náà kọjá, ó ń ti ara rẹsísítọ̀ yẹn padà. Tí wáyà bá já, kò padà mọ́, páńẹ́lì á tan fault. Tí sẹ́ńsọ̀ bá rí èéfín, ó ń jẹ́ kí èyí tó pọ̀ ju ìyẹn kọjá, ó di alámù. Tí ẹnì kan bá wá fa ẹ̀ka ìlà jáde láàárín láti lọ bá sẹ́ńsọ̀ méjì, ẹ̀ka yẹn ò sí lójú ọ̀nà rẹsísítọ̀. Ó lè já lónìí, páńẹ́lì ò ní mọ̀. Mo fẹ́ tẹ́tẹ́ pé wọ́n fi ògiri pín yàrá níbẹ̀ nígbà kan.

AlámòójútóTuntun

Háà. Yàrá ìpàdé tuntun ni! Ọdún tó kọjá ni wọ́n fi pákó gé e jáde.

MítàLọ́wọ́

Ó tán. Kí ó fa wáyà lọ fa wáyà bọ̀, kí ìlà gba inú sẹ́ńsọ̀ méjèèjì kọjá kó tó dé rẹsísítọ̀. Lẹ́yìn náà, kí ó yọ ọ̀kan kúrò. Tí yẹ́lò bá tàn, ó ti ṣe é dáadáa.

BàbáWáyà

Kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé àkọsílẹ̀, títí kan èyí tó yege. Láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, máa tẹ àpótí pupa kan lọ́sẹ̀ kan, kì í ṣe èyí kan náà, máa yí i ká. Sẹ́lótéèpù yẹn ńkọ́?

AlámòójútóTuntun

Mo ti yọ ọ́. Nígbà tí ọ̀gá yọ sẹ́ńsọ̀ kan láti dán ohùn páńẹ́lì wò, àwọn tó wà ní àjà kejì sọ̀ kalẹ̀ wá bi mí pé kí ni mo rà.

KòSíWàhálà

Ẹ̀yin ará, èmi náà lọ ṣí páńẹ́lì mi. Bátìrì ti wú bí ìrọ̀rí. Ta ló mọ irú 7 Ah tó dáa?